Ọkọ̀ Alhaja tó fẹ́ rì ní Bayeku: ọ̀nà tí omi gbà wọlé

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà ni awakọ̀ Alhaja pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ ráyè kí mi. "Ọ̀gá, ẹ tètè máa bọ̀ o, ọkọ̀ ti jókòó." Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní èbúté mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọkọ̀ tó bá ti jókòó, ìdí rẹ̀ ti ń mu omi nìyẹn. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀pá la ó máa fi wá a kiri.

Mo gun ọ̀kadà láti Igbogbo, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi dé Bayeku. Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 23, ẹ́ńjìnnì Yamaha 75 ló wà nídìí rẹ̀. Èrò ló ń kó láti Bayeku sọdá ọ̀sà lọ sí Langbasa, àwọn tó níṣẹ́ lápá Ajah àti Lẹ́kí tí wọn ò fẹ́ fi mọ́tò yí gbogbo Èkó po kí wọ́n tó débẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ti wọlẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè bí ìgbà tí ajá bá jókòó. Omi ti bo pákó ìtẹ̀sẹ̀, ó dé mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù mẹ́fà ń kọlu ara wọn lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, omi inú ọkọ̀ sì ń tàn bí òṣùmàrè, àmì pé epo díẹ̀ ti dà sí i. Mo tẹ suwíìsì páǹpù. Kò dún. Bátìrì ti kú pátápátá.

Fún ẹni tí kò mọ inú ọkọ̀: ààyè kan wà láàrin pákó tí èrò ń tẹ̀ àti fáíbà ìsàlẹ̀. Bíìjì làwa mẹkáníìkì ń pè é, èmi ó máa pè é ní ikùn ọkọ̀ níhìn-ín. Gbogbo omi tó bá wọ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ti òjò, ti ìgbì tó ta wọlé, tàbí èyí tó ro láti ara aṣọ èrò, ibẹ̀ ló ń sàn lọ. Páǹpù kékeré kan jókòó síbẹ̀, suwíìsì aléfòó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi bá gbé suwíìsì yẹn sókè, páǹpù á ṣiṣẹ́. Omi bá lọ sílẹ̀, páǹpù á dákẹ́. Èèyàn ò ní láti fọwọ́ kàn án. Ohun tó dùn mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì dá wàhálà yìí sílẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú.

Awakọ̀ ti gbé bátìrì míì dání, ó fẹ́ kí n so ó kíá kí páǹpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní rárá. Ooru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń ba sí, ikùn ọkọ̀ sì ni ìsàlẹ̀ gbogbo ìsàlẹ̀. Bí wáyà tí a fọwọ́ lásán yí mọ́ra bá ta pàrà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti omi. A kọ́kọ́ kó kẹ́ẹ̀gì kúrò, a ṣí gbogbo pákó, a jẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ síbẹ̀ dáadáa. Mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ fa epo ojú omi kúrò, mo ń fún un sínú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, torí àwọn apẹja ta àwọ̀n sí ìtòsí, èèyàn ò sì lè da epo lé ẹja lórí kó tún lọ rà á jẹ lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn èyí la wá ń gbọ́n omi, àwa mẹ́ta, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí. Mo ní kí wọ́n máa dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà kí á tó dà á nù, kí n lè máa kà. Awakọ̀ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì 31 ló jáde. Lítà 620 nìyẹn, lítà omi kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò kan gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni pé bí àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló sùn sínú ọkọ̀ náà mọ́jú.

Àgbàlagbà mẹ́sàn-án gan-an sàn ju omi yẹn lọ. Òkúta tí o gbé sáàárín ọkọ̀ á jókòó síbi tí o gbé e sí. Omi kò ní ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, gbogbo omi inú rẹ̀ á sáré lọ sọ́tùn-ún láti lọ fi kún un, ọkọ̀ á tún tẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń dojú dé, kì í ṣe pé omi kún un dé etí. Omi díẹ̀ ló ń rìn nínú rẹ̀ nígbà tí èrò kan dìde láti gba fóònù. Mo sọ èyí fún awakọ̀ nítorí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ pé bí a bá gbọ́n ọn dé ìdajì, òun lè fi kó èrò àkọ́kọ́.

Nígbà tí oòrùn yọ, Alhaja ti dé, èbúté sì ti kún. Ẹ mọ bí ó ṣe ń rí: oníkálukú ti di dókítà. Ẹnì kan ní òjò ni. Kò burú láti rò bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kẹfà. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 7, tó fẹ̀ ní mítà 2, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sínú rẹ̀ láìsí ìbòrí, lítà 700 ló gbà yẹn. Ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, tàpólì sì wà lórí ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní kí a tọ́ omi náà wò, bó bá níyọ̀, ti ọ̀sà ni. Ní oṣù kejì, ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Ní àkókò òjò, omi odò ti pọ̀ nínú ọ̀sà débi pé iyọ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nǹkan mọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa. Màmá kan tó ń ta àkàrà sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. A kò bá a jiyàn. Èdídí ihò ìdí ọkọ̀, èyí tí a fi ń fa omi jáde bí a bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀, mo fọwọ́ kàn án lábẹ́ omi: ó le dáadáa.

Oní-fáíbà kan fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ọkọ̀ wò, ó mi orí, ó ní fáíbà ti sán nísàlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó sì dá iye kan lé e tí Alhaja fi jókòó sórí àpótí. Alhaja wò mí. "Ẹnjiníà, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

Mo ní ó ṣeé ṣe.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí n kò sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo so páǹpù ọkọ̀ náà lọ́dún tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé fáíbà ló sán, ọwọ́ mi mọ́. Inú mi sì dùn díẹ̀ sí sísán yẹn ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tó kó mi yọ nínú àṣìṣe ni pé Alhaja kì í náwó lórí ohun tí kò fojú rí. Ó ní kí a wọ́ ọkọ̀ sókè kí òun fúnra òun rí ojú sísán náà. A yọ ẹ́ńjìnnì, àwọn ọ̀dọ́ èbúté fi ìtì igi yí ọkọ̀ gòkè. A nu ìta rẹ̀ gbẹ fọ́nfọ́n. Mo wá ṣe ìdàkejì: mo pọn omi kànga bí 300 lítà sínú ikùn ọkọ̀. Bí omi bá lè gba ibi kan wọlé, á gba ibẹ̀ jáde, ojú á sì rí i ní ìta ju bí a ṣe lè rí i láti inú lọ. A jókòó tì í láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi kírun Ọ̀sán. Abẹ́ ọkọ̀ gbẹ. Ibì kan ṣoṣo ló ń kán, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi nọ́ọ̀tì tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ̀kán yẹn kò lè kún bọ́kẹ́ẹ̀tì 31 láàrin ọjọ́ méjì, àyàfi bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró di ọdún tó ń bọ̀. Oní-fáíbà ní kí a sún omi mọ́ iwájú, a sún un. Kò sí nǹkan. Ó gba owó ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Bàbá apẹja kan wà tí òpó tó ń so ọkọ̀ mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Alhaja. Orí ọkọ̀ igi rẹ̀ ló máa ń sùn bó bá ń dúró de omi. Ó ti ń tún àwọ̀n ṣe láti àárọ̀ láìdá sí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ló ní, "Ẹ̀rọ yín yẹn, kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ Sátidé."

Mo béèrè irú ariwo tó ń pa.

"Á kùn, á dákẹ́. Á kùn, á dákẹ́. Mi ò tíì tún ojú àwọ̀n mẹ́ta ṣe tán tó fi tún kùn. Títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ Àìkú, n kò gbọ́ ọ mọ́, mo ní wọ́n ti wá pa á."

Mo ní kó tún un sọ. Páǹpù tó bá ń dákẹ́, ó ti gbọ́n omi ibẹ̀ tán nìyẹn. Tó bá tún dìde láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ti padà dé nìyẹn. Ihò tó lè dá omi padà bẹ́ẹ̀ yẹn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, a kò ní jókòó tì í lórí ilẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán ká má rí i. Nítorí náà omi kò gba ara ọkọ̀ wọlé. Bàbá ń wo ojú mi. Ó ní, "Ọmọ yìí, igbá tèmi, omi tó bá ti dà nù kì í gbé e padà wá o." Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó sọ tàbí ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dìde, mo lọ wo ihò tí páǹpù ń da omi gbà, èyí tí èmi fúnra mi lu.

Ìka mẹ́rin ni ihò yẹn fi ga ju ojú omi lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Mo lù ú síbẹ̀ nítorí ọwọ́ tètè débẹ̀, hóòsì sì gba ibẹ̀ lọ tààrà láìrọ́. Ó mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, awakọ̀ gbọ́ pé epo fẹ́ wọ́n, ó ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tó jẹ́ lítà 25 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sídìí ọkọ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, síbẹ̀ lítà 150 rẹ̀ tó kílò 110. Ìdí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ihò mi wọ abẹ́ omi.

Páǹpù irú èyí kò ní ilẹ̀kùn nínú. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ló ń yí tó ń ju omi síta. Bí abẹ̀bẹ̀ bá dúró, ojú ọ̀nà ṣí gbayawu. Ẹ ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi rọ́bà fa epo láti inú táǹkì mọ́tò: a fa á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, a sọ orí rọ́bà sílẹ̀, epo á máa dà fúnra rẹ̀ títí. Ohun tí páǹpù Alhaja ń ṣe nìyẹn. Ó ń lé omi jáde, hóòsì kún, páǹpù dákẹ́, ọ̀sà sì gba hóòsì kan náà padà wọlé. Suwíìsì léfòó, páǹpù tún dìde. Bí ó ti ń gbọ́n ọn ni ó ń pè é.

Ara páǹpù náà ni wọ́n kọ 1100 sí, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ní wákàtí kan, tó tó lítà 4,160. Iye yẹn jẹ́ ti ìgbà tí omi kò ní òkè kankan láti gùn tí bátìrì sì kún. Nínú ọkọ̀, pẹ̀lú hóòsì oníhànhàn tí mo lò, èyí tí inú rẹ̀ kò dán, kò lè débẹ̀ rárá. Ó ń jẹ iná tó tó áńpíà bíi 3. Bátìrì 75, ìyẹn èyí tó lè fúnni ní áńpíà kan fún wákàtí 75, bó bá jẹ́ tuntun, tó kún, kò lè gbé e ju wákàtí 25 lọ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Tiwa ti lé ní ọdún mẹ́ta. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé dé alẹ́ Àìkú tí bàbá kò gbọ́ ariwo mọ́, páǹpù ń sinmi díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì tó ti gbó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e pẹ́. Lẹ́yìn tí bátìrì kú, kò sí ẹni tó ń gbọ́n mọ́, ọ̀nà omi sì ṣí sílẹ̀. Bí omi bá ṣe ń pọ̀ ni ìdí ọkọ̀ ń wọlẹ̀ sí i, bí ó bá sì ṣe ń wọlẹ̀ ni ihò náà ń jìn sábẹ́ omi.

N kò fẹ́ kí ó kù lórí àbá. Lọ́jọ́ kejì a dá ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì padà sí omi. Mo nu ikùn ọkọ̀ gbẹ, mo bu páúdà ọmọdé wọ́n gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Mo kó kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ààbọ̀ sídìí ọkọ̀ dípò epo, kí ìwọ̀n wọn lè sún mọ́ra. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan síbi tí páǹpù wà. Ó kùn, ó gbọ́n ọn, ó dákẹ́. Alhaja ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Páúdà gbẹ níbi nọ́ọ̀tì, ó gbẹ níbi èdídí, ó gbẹ níwájú. Abẹ́ páǹpù gan-an ni omi ti yọ, ó ń fọ páúdà lọ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú méje, suwíìsì léfòó, páǹpù kùn.

"Ta ló lu ihò yìí?" Alhaja béèrè. Ó mọ ìdáhùn. Mo ní, "Èmi ni, Alhaja, ẹ má bínú."

A bá àwọn nǹkan mìíràn nínú ikùn ọkọ̀ náà, tí kì í ṣe òun ló fa ti ọjọ́ yẹn ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ tiwọn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì àti gbòǹgbò koríko omi wà lábẹ́ suwíìsì aléfòó. Àwọn ihò kéékèèké tó yẹ kí omi gbà láti iwájú sàn wá sídìí, ajẹkù fáíbà ti dí méjì nínú wọn látọjọ́ tí wọ́n ti kan ọkọ̀, débi pé omi lè pọ̀ níwájú kí páǹpù má mọ̀. Ojú ibi tí mo ti fi tépù lẹ wáyà mọ́ra ti di àwọ̀ ewé.

Àtúnṣe gbà wá ní ọjọ́ kan. Mo lu ihò tuntun sókè, ó ku díẹ̀ kó kan etí ọkọ̀, mo sì jẹ́ kí hóòsì kọ́kọ́ gòkè kọjá ibẹ̀ kó tó rọ̀ wálẹ̀ síta, kó má baà sí ẹrù tí a óò kó tí ọ̀sà á fi rí ọ̀nà padà. Hóòsì onínú dídán ni mo rà, torí omi ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá ju inú oníhànhàn lọ. Oní-fáíbà ló padà wá dí ihò àtijọ́, nítorí náà òun náà rí iṣẹ́ díẹ̀ ṣe. Ẹni tó ta hóòsì fún mi fẹ́ kí n fi fáàfù kan sí i, irú èyí tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kó padà. Mi ò gbà. Ìdọ̀tí ikùn ọkọ̀ kì í pẹ́ há mọ́ ẹnu fáàfù yẹn, bó bá sì há, ó lè ṣí sílẹ̀ láìpadé tàbí kó pa dé láìṣí, èèyàn ò ní mọ èwo ni títí dọjọ́ tó bá fẹ́ lò ó. Wáyà, mo sọ́dà á, mo gbé ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sókè kúrò níbi tí omi lè dé, mo fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì, iye tí wọ́n kọ sára páǹpù. Tààrà láti bátìrì ló ti ń gba iná, kí awakọ̀ má baà pa á pẹ̀lú suwíìsì ńlá bó bá ń lọ sílé. Kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí ṣì wà nínú ọkọ̀, okùn ló so ó mọ́lẹ̀. Epo kò gbọ́dọ̀ gbé inú ọkọ̀ mọ́jú mọ́. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, àárín ni wọ́n ń gbé e sí.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kò wọ́n rárá. Mo fi gílóòbù pupa kékeré kan síwájú awakọ̀, tó ń tàn nígbàkígbà tí páǹpù bá ń ṣiṣẹ́, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iye ìgbà tó ṣiṣẹ́. Páǹpù tó ń dá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún láìsí ẹni tó mọ̀, ó ti fi àìsàn pamọ́ fún wa ni. Awakọ̀ ń kọ nọ́ḿbà náà sínú ìwé eléwé 40 láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun kì í ṣe akọ̀wé. Lọ́sẹ̀ kejì ni òun fúnra rẹ̀ pè mí pé nọ́ḿbà ti fi méjì lé láàrin òru tí òjò ò rọ̀. Mo lọ wò ó. Nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì yẹn ni, ẹ̀kán rẹ̀ ti ń di ìṣàn tín-ín-rín.

Alhaja ti ṣírò bátìrì tuntun àti owó ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ kò fi kó èrò. Ó gbé owó ọjọ́ méjì yẹn jì mí, ó ní bátìrì ni kí n san. Mo ti san ìdajì. Ìdajì tó kù, ó ní kí n má kó o wá, kí n fi tú ẹ́ńjìnnì náà kí n sì dí ojú nọ́ọ̀tì yẹn dáadáa kí Iléyá tó dé.